Lẹ́tà Tí Desmond Fẹ́ Kọ sí Erinje

Olúwaṣìkẹ́mi Ajíbóyè wà ní kíláàsì karùn-ún nílé-ìwé girama nígbà tí olùkọ́ rẹ̀, Ìyáàfin Dora Àkànmú, kó ọmọ mẹ́rìnlá lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ̀kọ́ Sífíìkì ni obìnrin náà ń kọ́ wọn. Ó ti fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣàlàyé ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú lójú pátákó, ó sì rí i pé bí wọ́n ti ń dà á kọ ni wọ́n ń gbàgbé rẹ̀. Ló bá lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé. Ó ní òun fẹ́ kí àwọn ọmọ náà máa lọ ṣèrànwọ́ lọ́gbà ẹ̀wọ̀n ní gbogbo Ọjọ́bọ̀: kí àwọn kan máa bá àwọn tí kò lè kọ̀wé kọ lẹ́tà, kí àwọn yòókù máa kọ́ wọn ní ìwé kíkà. Bí wọ́n bá dé, kí oníkálukú kọ ohun tó rí àti ohun tó yé e sílẹ̀. Inú ìyẹn ni wọn yóò ti gba máàkì.

Kí wọ́n tó wọ bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà, ó dá wọn dúró sábẹ́ igi máńgòrò.

"Ẹ ò gbọdọ̀ sọ orúkọ bàbá yín fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀," ó ní. "Ẹ ò gbọdọ̀ bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tó ṣe. Orúkọ tí ẹ bá sì gbọ́ níbẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ fi sílẹ̀. Ṣé ẹ ti gbọ́?"

Wọ́n ní àwọn ti gbọ́.

Erinje ni ilé Ṣìkẹ́mi, ọ̀kadà ló sì ń gbé e wá sílé-ìwé ní Òkìtìpupa láràárọ̀. Philemon bàbá rẹ̀ ní oko ọ̀pẹ àti oko gbágùúdá. Helen ìyá rẹ̀ ń fi gbágùúdá náà ṣe púpurú tà. Àgbà ni bàbá náà nínú ìjọ Aládùúrà tó wà nítòsí ilé wọn, òun ni wọ́n sì máa ń pè jù láti gbàdúrà. Ṣìkẹ́mi ní tirẹ̀ kì í lè dúró lójú kan. Bó bá jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa mì. Ìyá rẹ̀ a máa sọ pé bí ẹni tí ìjàlọ wọ̀ láṣọ ló ń ṣe.

Ní Ọjọ́bọ̀ kẹta tí wọ́n lọ, wọ́n fi Ṣìkẹ́mi sídìí tábìlì lẹ́tà kíkọ. Wọ́dà kan dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ó ń pe àwọn ẹlẹ́wọ̀n wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin kan tó ga tó sì rù wá jókòó níwájú rẹ̀. Irun ẹ̀bá etí rẹ̀ ti ń funfun, bẹ́ẹ̀ ojú rẹ̀ kò jọ ti ẹni tó ti pé ogójì ọdún. Ó fi èdè Ìkálẹ̀ kí i, Ṣìkẹ́mi náà sì fi èdè Ìkálẹ̀ dá a lóhùn. Inú ọkùnrin náà dùn sí i.

"Desmond lorúkọ mi," ó ní. "Ọmọ Akotogbo ni mí. Mo lè kàwé díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí n kọ ọ́, ọwọ́ mi kì í gbọ́ràn. Ṣé o máa kọ ohun tí mo bá sọ gẹ́lẹ́?"

"Màá kọ ọ́, sà. Ta ni ẹ fẹ́ kọ ọ́ sí?"

"Kọ ọ́ sí Bàbá Philemon Ajíbóyè, ní Erinje."

Bírò dúró lọ́wọ́ Ṣìkẹ́mi. Ó wo ọkùnrin náà bóyá ó ń fi òun ṣeré, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ro ọ̀rọ̀ pọ̀ ni, tábìlì ló tẹjú mọ́. Ṣìkẹ́mi tẹ orí ba, ó kọ orúkọ bàbá rẹ̀ sókè ìwé.

"Sọ pé: Bàbá, èmi ni Desmond tó máa ń bá yín kọ ẹyìn. Ìdì ẹyìn mọ́kànlá tó sọnù lóko yín lọ́dún yẹn, èmi ni mo gbé e. Mi ò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n mo ti lo ọdún mẹ́ta àti oṣù márùn-ún níbí, ẹnikẹ́ni ò sì tíì dá ẹjọ́ mi. Ìgbàkúgbà tí wọ́n bá gbé mi lọ sí kóòtù, wọ́n á ní ẹni tó pè mí lẹ́jọ́ kò wá, wọ́n á sì sún un síwájú. Láti ọdún tó kọjá, wọn ò tilẹ̀ gbé mi lọ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ wá. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí wọ́n jù mí sẹ́wọ̀n, ẹ wá sọ bẹ́ẹ̀, kí n lè mọ iye ọjọ́ tó kù tí màá kà."

Ṣìkẹ́mi kọ gbogbo rẹ̀. Bó ti ń kọ ọ́ ló ń rántí. Ó ti gbé oúnjẹ lọ sóko fún ọkùnrin yìí rí, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ìwé girama. Desmond sanra nígbà náà, ó sì máa ń pè é ní ìyàwó mi bó bá ti gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà kò dá a mọ̀ mọ́ báyìí. Ó ṣe é bíi kó sọ fún un. Ó rántí ohun tí olùkọ́ sọ lábẹ́ máńgòrò, ó sì pa ẹnu mọ́.

Nígbà tí wọ́n parí, wọ́dà wá kó gbogbo lẹ́tà jọ, ó ń kà wọ́n bí wọ́n ti máa ń ṣe. Ó dé orí ti Desmond, ó sì mi orí.

"Ẹni tó pè ọ́ lẹ́jọ́ lo ń kọ̀wé sí? Kò ṣeé ṣe. Wọ́n á ní ò ń yọ ẹlẹ́rìí lẹ́nu."

Ó ká lẹ́tà náà, ó tì í bọ àpò. Desmond kò jiyàn. "Ó dáa, sà," ló sọ, ó dìde, ó sì tẹ̀ lé àwọn yòókù jáde.

Nínú bọ́ọ̀sì, àwọn ọmọ ń sọ̀rọ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ìyanu, ọ̀rẹ́ Ṣìkẹ́mi, ń ròyìn bàbá àgbàlagbà kan tí òun ń kọ́ ní álífábẹ́ẹ̀tì. Ṣìkẹ́mi kò gbọ́ ọ. Ó dìde láti ẹ̀yìn, ó lọ jókòó ti Ìyáàfin Àkànmú.

"Mà, bí ẹni tó pe èèyàn lẹ́jọ́ kò bá lọ sí kóòtù mọ́ ńkọ́?"

"Bó bá pẹ́ tó, ó yẹ kí adájọ́ tú ẹjọ́ náà ká."

"Bí wọn ò bá tú u ká?"

Olùkọ́ náà wò ó. "Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí ẹ ń rí níbẹ̀ yẹn, Ṣìkẹ́mi, a ò tíì dá wọn lẹ́bi. Wọ́n ń dúró ni. Fáìlì ẹlòmíràn ti sọnù, ẹlòmíràn ò sì ní lọ́yà tí yóò rán kóòtù létí pé òun wà láyé. Kọ ọ́ sínú ìwé rẹ. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí nìyẹn."

Ó kọ ọ́ sínú ìwé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kíkọ náà kò mú ara rẹ̀ balẹ̀. Ní Ọjọ́ Ẹtì, ó lọ bá bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì níbi tó ti ń pọ́n àdá, lẹ́ẹ̀mejèèjì ló sì béèrè ohun tí kò ní láárí. Ní Sátidé, òun àti ìyá rẹ̀ ń bẹ gbágùúdá lẹ́yìnkùlé, ọ̀bẹ gé e níka. Ìyá rẹ̀ fi aṣọ di ọgbẹ́ náà.

"Kí ló ń lé ọ kiri láti àná?"

"Kò sí nǹkan kan, mà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Gbé ọ̀bẹ yẹn sílẹ̀ kó má baà gé èyí tó kù."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, gbogbo wọn wọ sùtánà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n pe Bàbá Philemon síwájú. Ó gbàdúrà fún àwọn aláìsàn, ó gbàdúrà fún àwọn arìnrìn-àjò. Ó ní kí Olúwa rántí àwọn tó wà ní túbú, pàápàá àwọn tí kò ní olùrànlọ́wọ́, kí gbogbo ìjọ ṣe àmín. Ìjọ ṣe àmín. Ṣìkẹ́mi bọ́ sí ìta láìwẹ̀yìn. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ lórí iyẹ̀pẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì títí wọ́n fi parí ìsìn.

Bàbá rẹ̀ bá a níbẹ̀. "Kí ló dé tí o jáde nígbà tí mò ń gbàdúrà?"

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó rò ó tán. "Bàbá, Desmond ṣì wà lẹ́wọ̀n."

"Desmond wo?"

"Èyí tó gbé ẹyìn yín. Ó ní ẹ ò wá sí kóòtù. Ó ní kí ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ wá."

Ojú bàbá náà yí padà. Ó wo àwọn èèyàn tó ń jáde, ó fà á sẹ́yìn ògiri.

"Níbo lo ti rí i?"

"Iṣẹ́ tí wọ́n ń kó wa lọ ṣe ní Ọjọ́bọ̀ ni, sà. Èmi ni mo bá a kọ lẹ́tà."

"Ìwọ? Wọ́n mú ọmọ mi jókòó ti olè tó jà mí lólè? Ṣé ìwé ni mo ní kí wọ́n kọ́ ọ àbí kí wọ́n máa mú ọ lọ bẹ àwọn ọ̀daràn wò?"

"Bàbá, ọdún mẹ́ta ni. Ìdì ẹyìn mọ́kànlá péré."

"Ta ló gbin ọ̀pẹ náà? Ta ló tọ́jú rẹ̀? Ìwọ lo máa bá mi ṣírò ohun tó sọnù lóko mi?" Kò pariwo. Ó yí padà, ó rìn lọ sílé láìdúró de ẹnikẹ́ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí agogo tó lù, Bàbá Philemon ti dé ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé, Ọ̀gbẹ́ni Olúwaṣọlá. Wọ́n pe Ìyáàfin Àkànmú wọlé. Ohun tí wọ́n sọ kò hàn síta, ṣùgbọ́n nígbà tó di ìsinmi ọ̀sán, wọ́n ti lẹ ìwé mọ́ pátákó pé kò sí ìrìn-àjò Ọjọ́bọ̀ mọ́ títí di ìgbà mìíràn.

Ìyáàfin Àkànmú pe Ṣìkẹ́mi sí yàrá àwọn olùkọ́. Ọmọ náà dúró, ó ń fi bàtà fa ilẹ̀.

"Kí ni mo sọ nípa orúkọ?"

"Ẹ ní ká fi í sílẹ̀ níbẹ̀, mà. Ṣùgbọ́n orúkọ bàbá mi ló pè."

"O lè wá sọ fún mi. Inú bọ́ọ̀sì yẹn náà lo jókòó tì mí." Obìnrin náà rẹ ohùn sílẹ̀. "Bó bá jẹ́ pé o sọ fún mi ni, mo mọ ẹni tí ǹ bá lọ bá. Ní báyìí, a ò lè padà síbẹ̀, èmi àti ìwọ."

Láti ọjọ́ náà, Ìyanu kò bá Ṣìkẹ́mi sọ̀rọ̀. Nígbà tó pé ọjọ́ mẹ́ta tó sọ̀rọ̀, ohun tó sọ ni pé bàbá àgbàlagbà tí òun ń kọ́ lọ́gbà ẹ̀wọ̀n ti dé orí lẹ́tà S, pé òun ti ṣèlérí fún un pé òun ń bọ̀.

Ilé kò rọgbọ. Bàbá kì í wo ojú Ṣìkẹ́mi. Bí Ṣìkẹ́mi bá wọlé, bàbá rẹ̀ á jáde. Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, bí bàbá ti jókòó sídìí púpurú àti ọbẹ̀ ẹja, Helen mú àpòòwé kan jáde láti inú yàrá, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́. Ìwé mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, òǹtẹ̀ kóòtù sì wà lára wọn.

"Bàbá Ṣìkẹ́mi, abẹ́ ìbùsùn yín ni mo ti rí i. Mo ti rí i tipẹ́. Ìwé ìpè yín nìyí."

Philemon kò fọwọ́ kàn án. "O mọ̀ pé mo lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni mo jókòó, wọ́n ní adájọ́ ò wá. Ìgbà kẹta, ara mi ò dá."

"Mo mọ̀. Ìgbà kẹrin ńkọ́?"

Ṣìkẹ́mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè wọlé, kò sì lè padà sẹ́yìn.

"Mo rò pé wọ́n ti tú u sílẹ̀," bàbá náà sọ níkẹyìn. "Mo rò pé bí mi ò bá ti lọ, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó máa lọ ni. Mo ní kó máa lọ nínú ọkàn mi. Ta ló máa ń ti ènìyàn mọ́lé tó bẹ́ẹ̀ nítorí ẹyìn?"

Kò jẹ oúnjẹ náà. Ó fọ ọwọ́, ó gbé àdá, ó gba oko lọ.

Ní ọjọ́ kejì, kò wọ aṣọ oko. Ó wọ ṣòkòtò dúdú àti ẹ̀wù tó máa ń wọ lọ síbi ìsìnkú, ó gbé àpòòwé sábẹ́ apá, ó sì gun ọ̀kadà. Nígbà tó dé ní ìrọ̀lẹ́, ó ní akọ̀wé kóòtù kò rí fáìlì náà. Ó lọ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní kó padà wá. Ó lọ lẹ́ẹ̀kẹta. Akọ̀wé náà ní bóyá wọ́n ti kó o pọ̀ mọ́ ti àtijọ́. Philemon jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ọ́fíìsì, ó ní òun kò ní ibi tí òun ń lọ, pé kí wọ́n máa wá a. Ní nǹkan bí aago méjì, wọ́n rí i lábẹ́ òkìtì ìwé mìíràn, eku ti jẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n dá ọjọ́ fún un.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dá, ó bi Ṣìkẹ́mi bóyá ó fẹ́ tẹ̀ lé òun. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa bá a sọ̀rọ̀ tààrà láti ọjọ́ Ìsinmi yẹn. Ṣìkẹ́mi ti wọ yúnífọ́ọ̀mù tán. Ó ní òun á lọ.

Kóòtù kún. Wọ́n pe orúkọ púpọ̀ kí wọ́n tó dé orí ti Desmond. Ó wọlé pẹ̀lú wọ́dà méjì, ó ń wo ilẹ̀, àfi ìgbà tí adájọ́ béèrè olùpẹjọ́ tí Philemon sì dìde. Nígbà náà ló gbé ojú sókè. Ó rí ọkùnrin náà, ó sì rí ọmọbìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ dúró lára ọmọ náà fún ìgbà pípẹ́.

"Kí lẹ fẹ́ sọ, Bàbá?" ni adájọ́ béèrè.

Philemon, ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wá ọ̀rọ̀ tì. "Olúwa mi, mi ò bá a ṣẹjọ́ mọ́," ó ní. "Ó jí ẹyìn mi. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èyí tó jẹ níyà ti ju ti ẹyìn lọ. Ẹ̀bi mi sì wà níbẹ̀."

Adájọ́ ka fáìlì náà títí. Ó béèrè lọ́wọ́ ọlọ́pàá tó dúró fún ìjọba bóyá ó ní ohun tí yóò sọ. Ọlọ́pàá náà ní òun ò ní. Adájọ́ tú ẹjọ́ náà ká, ó ní kí Desmond máa lọ sílé. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Ó di ọ̀sán kí wọ́n tó parí ìwé rẹ̀. Ó jáde sí àgbàlá kóòtù pẹ̀lú àpò ọ̀rá kan lọ́wọ́, ó dúró bí ẹni tí kò mọ apá ibi tí yóò yà sí. Philemon súnmọ́ ọn. Bóyá ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ ni, kò sẹ́ni tó mọ̀; ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó sì tún nàró, nítorí òun ni àgbà.

"Desmond, má bínú," ó ní. "Mi ò mọ̀ pé o ṣì wà níbẹ̀."

"Mo gbọ́, sà," ni Desmond wí. Kò sọ pé kò sí wàhálà. Ó yíjú sí Ṣìkẹ́mi. "Ìwọ lo kọ lẹ́tà mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ọmọ rẹ̀ ni ọ́. O jókòó níwájú mi, ò ń kọ orúkọ bàbá rẹ, o ò sì wí nǹkan kan."

"Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ sọ ọ́, sà."

"Nígbà tí wọ́dà gba lẹ́tà yẹn, mo rò pé ó tán nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi rò bẹ́ẹ̀." Ó wò ó díẹ̀ sí i. Ojú rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n kò rọ̀ náà. "O ṣeun."

Philemon ní kó bá àwọn délé kó jẹun. Desmond ní òun fẹ́ tètè dé Akotogbo, òun fẹ́ mọ̀ bóyá ìyá òun ṣì wà. Ọ̀kadà kan dúró, ó gùn ún, ó lọ.

Philemon náà dá ọ̀kadà dúró, òun àti ọmọ rẹ̀ sì gba ọ̀nà ilé. Ṣìkẹ́mi wà láàárín bàbá rẹ̀ àti ọlọ́kadà, ó ń ronú lórí àwọn tí wọ́n pe orúkọ wọn ṣáájú Desmond, àwọn tí olùpẹjọ́ wọn kò wá. Ó ti kà wọ́n bí wọ́n ti ń pè wọ́n. Wọ́n jẹ́ méje.

Ní òpin oṣù náà, ọ̀gá ilé-ìwé pe ìpàdé àwọn òbí láti mọ ohun tí wọn yóò ṣe sí iṣẹ́ Ọjọ́bọ̀. Àwọn òbí kan ní àwọn ò fẹ́ kí ọmọ àwọn máa wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ìyá kan ní ẹ̀mí búburú pọ̀ níbẹ̀. Bàbá Philemon dìde. Ó ní òun lòun kọ́kọ́ wá fẹjọ́ sùn, inú sì ń bí òun nígbà náà nítorí pé ohun tí ọmọ òun sọ jẹ́ òótọ́. Ó ní òun kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn, ó sì jókòó. Wọ́n jiyàn títí. Níkẹyìn, ọ̀gá ilé-ìwé ní kí iṣẹ́ náà máa lọ, ṣùgbọ́n òbí kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé kí ọmọ rẹ̀ tó lọ. Nínú ọmọ mẹ́rìnlá, mẹ́sàn-án ni òbí wọn fọwọ́ sí i. Ìyanu wà lára wọn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n tún fẹ́ lọ, Ìyáàfin Àkànmú pín iṣẹ́ kí wọ́n tó wọ bọ́ọ̀sì. Nígbà tó kan Ṣìkẹ́mi, ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀.

"Ìwọ ò ní kọ lẹ́tà. Ìwé kíkà ni wàá máa kọ́ wọn."

"Mà, ẹ jọ̀ọ́."

"Inú mi dùn sí ohun tó ti ẹ̀yìn rẹ̀ jáde, mo sì ti sọ bẹ́ẹ̀ fún bàbá rẹ. Ṣùgbọ́n bí àwọn tó wà níbẹ̀ bá gbọ́ pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ fún wa ń dé ìta, wọn ò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Ṣé ó yé ọ?"

"Ó yé mi, mà."

Ó yé e, ṣùgbọ́n kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó gba àwọn ìwé kíkà náà mọ́ àyà, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó jókòó ti Ìyanu tí kò tíì yíjú sí i. Kí wọ́n tó jáde ní gẹ́ètì ilé-ìwé, ó ti tọrọ pépà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń kọ ìbéèrè tí yóò bi olùkọ́ bí wọ́n bá dé: ta ló ń ka iye ọjọ́ tí àwọn tó ń dúró de ìdájọ́ ti lò, níbo ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, ta ló sì lè lọ wò ó. Bọ́ọ̀sì bọ́ sínú kòtò, ìlà kẹta wọ́, ó pa á rẹ́, ó sì tún un kọ.